Ọwọ́ Hassanat Dí

Ẹni tó bá tún wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé kí ni ọmọbìnrin tó ń lọ sí yunifásítì ń fi eré lẹ́tà ṣe, sísọ́ọ̀sì ni màá fi lé e jáde. Ó ti sú mi. Àwọn tó ń béèrè yìí, ọkọ wọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ń jókòó síwájú gáréèjì ní àdúgbò Oloumi láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, wọ́n ń jà lórí bọ́ọ̀lù tí wọn ò gbá, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ọmọ mi jókòó ti pátákó lẹ́tà lọ́sàn-án Sátidé kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo ayé wá di olùkọ́ ilé-kéú. Mo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á.

Orúkọ mi ni Tàwàkálítù, aránṣọ ni mí. Anwar, bàbá Hassanat, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí Hassanat níbí ní Libreville, olú ìlú Gabon, èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, tí mo bá pè é ní ọmọ mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un ṣe fún mi. Ó ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì báyìí, ìmọ̀ òfin ló ń kọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ó sì lágídí débi pé ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé èmi ni ọmọ náà jọ, kò jọ òun. Ìyàwó wa rò pé òun ń bú mi ni. Inú mi máa ń dùn.

Sikirábù ni eré tí mò ń sọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn ẹyọ pẹlẹbẹ kéékèèké kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára. Wọ́n á kó wọn sínú àpò, ẹni méjì á jókòó kojú ara wọn, kálukú á fa lẹ́tà tirẹ̀ láìwo inú àpò, á sì fi wọ́n to ọ̀rọ̀ sórí pátákó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó ni máàkì rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Faransé ni wọ́n fi ń ta á níbí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí, àmọ́ Faransé tí mo fi ń ra òwú àti bọ́tìnnì kò gbé mi débì kankan lórí pátákó yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Hassanat ti kó o. Olùkọ́ wọn, Madame Marie-Claire, ní páálí sikirábù kan tó máa ń gbé jáde tí òjò bá ń rọ̀, tí àwọn ọmọ ò lè jáde lọ ṣeré. Ẹ̀yin náà mọ òjò Libreville, kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó dé. Àwọn ọmọ tó kù á máa gbàdúrà kí òjò dá kí wọ́n lè lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀. Hassanat nìkan ló máa ń sunkún tí òjò bá dá. Nígbà tí Madame Marie-Claire ra páálí tuntun, ó fún un ní àlòkù náà, lẹ́tà ibẹ̀ ò sì pé mọ́. Mo ní kí káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fi àgékù pákó gé àwọn ẹyọ tó sọ nù, Hassanat fi báírò kọ lẹ́tà sí wọn, èmi náà wá fi àjákù àńkárá aláwọ̀ búlúù tó ní ẹyẹ olómi-ọsàn lára rán àpò fún un. Àpò yẹn ló ń lò títí di òní.

Kò sẹ́ni tí kò fagbára mú jókòó nílé wọn ní àdúgbò Kalikak. Àwọn àbúrò rẹ̀ á gbọ́ tí àpò bá ń dún, wọ́n á fi fèrèsé sá lọ. Tí kò bá rí ẹnì kankan, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta fún ara rẹ̀, á tún máa fi ọwọ́ òsì ta fún ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tá náà sì máa ń borí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé eré yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe o. Ó gbin ata sínú ike ọ̀dà lẹ́yìnkùlé, ata rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń já níbẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi yẹ̀. Tó bá ń fọ abọ́, orin ìfẹ́ Faransé tí kò tíì dé ayé nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ló máa ń kọ, kò sì mọ ọ̀kan kọ parí. Àmọ́ tí ẹ bá gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ pé kò burú. Ẹ fọwọ́ kan sikirábù rẹ̀, ẹ ó rí ojú ẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, torí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí wà. Abọ́, ìkòkò àti fúláàsì ni Anwar ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé wọn gan-an, kálukú ló ń wọlé, tó ń jáde. Ohun méjì ni Anwar kì í gbà kí ọmọ rẹ̀ fi ṣeré: ìrun kíkí àti àgbà kíkí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, Faransé ni wọ́n fi ń lá àlá. Wọ́n á na ọwọ́ sí àgbàlagbà, wọ́n á ní bonjour, wọ́n á kọjá lọ. Anwar ní ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ nílé òun láéláé. Tí àgbà bá wọlé, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ ọmọ, á gbé e sílẹ̀, á kúnlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dìde títí àgbà náà á fi dáhùn tán. Mo rí i tí Hassanat fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná kó lè kí ẹnì kan tó wá ra ìdérí ìkòkò. Ọbẹ̀ jóná, Anwar sì ní kò dun òun. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dàgbà díẹ̀, kò ronú sí i mọ́. Ó lè máa tòògbé lórí àga, kó gbọ́ ohùn àgbà lẹ́nu ọ̀nà, á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là.

Ìgbà tó wà ní lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ló dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ onísikirábù tó ń pàdé ní gbọ̀ngán kan ní Plaine Orety lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Anicet ni olórí ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ló ń ṣe adájọ́ tí ìdíje bá wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú oòrùn. Jean-Claude, òṣìṣẹ́ báńkì, ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ọjọ́ tí Hassanat kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ àti àpò àńkárá rẹ̀, Jean-Claude bi í bóyá ẹnì kan ló ní kó wá gbé omi wá. Hassanat ní rárá, ó fa àga, ó jókòó. Kò na Jean-Claude lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ó ti nà án débi pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń pa àga mọ́ fún un.

Èmi fẹ́ràn eré yẹn nítorí ohun kan. Níta, àwọn èèyàn á wo ìbòrí ọmọ yìí, wọ́n á gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ará ibo ni, ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó gbọ́ Faransé ju ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ní ìdí pátákó, kò sẹ́ni tó ń béèrè carte de séjour, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tantine, kì í ṣe torí ìyẹn. Ó kàn dùn mọ́ mi ni."

Alhaji Buraimoh ló wá dá ọ̀ràn sílẹ̀. Òun ni olórí àwa Yorùbá oníṣòwò ní àdúgbò wa. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀. Nínú ìtàn tèmi yìí, "ó" ni màá pè é. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe rere fún wa. Nígbà tí Anwar kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí kò mọ ẹnì kan, Alhaji ló fún un ní ibi tó sùn, òun ló sì wá igun ọjà tó ti kọ́kọ́ pàtẹ fún un. Anwar ò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn Jímọ̀ kan, Alhaji dá a dúró lójú gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí.

"Anwar, mo gbọ́ pé ọmọ ẹ ń bá àwọn ọkùnrin ta tẹ́tẹ́ ní Plaine Orety."

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́, sà. Eré ìwé ni."

"Ọmọbìnrin. Láàárín ọkùnrin. Gbogbo Sátidé. Ìwọ lo bí i o."

Ìtìjú kó Anwar. Ó délé, ó pe Hassanat, èmi náà wà níbẹ̀. Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ nígbà yẹn, tí ẹni tó bá borí nínú ẹgbẹ́ wọn máa lọ sí Dakar láti lọ bá àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn ta. Anwar ní, "Lọ ta ìdíje yẹn. Tó o bá borí, máa ta eré ẹ lọ, èmi ni màá mọ ohun tí màá sọ fún Alhaji. Tí wọ́n bá borí ẹ, ó parí nìyẹn. Wàá máa bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o gbọ́?"

Mo bá a jà. Mo bi í léèrè pé ṣé Alhaji ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí o, ṣùgbọ́n òun ti sọ̀rọ̀. Hassanat ní, "Mo gbà, Papa," ara rẹ̀ sì balẹ̀, torí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè na òun.

Ọjọ́ ìdíje, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n ta, wọ́n ta, ó ku òun àti Jean-Claude. Wọ́n gbé aago sáàárín wọn. Aago náà lójú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti kàn ẹ́, àkókò tìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sì ní dúró títí wàá fi to ọ̀rọ̀ rẹ sórí pátákó, kó o sì tẹ aago, kí ti ẹnì kejì wá máa lọ. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tán ti fìdí rẹmi, ì báà jẹ́ pé òun ló ní máàkì jù. Òfin wọn nìyẹn.

Hassanat ń na Jean-Claude. Mo mọ̀ torí pé ọkùnrin náà ti tú táì rẹ̀. Lẹ́tà ti ń tán nínú àpò, ó kan Hassanat, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí tí Alhaji Buraimoh wọlé tagbádá tagbádá. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí ọmọ Anwar ń lọ.

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Hassanat ti ti àga sẹ́yìn, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín gbọ̀ngán. "Ẹ káàsán, sà."

Ẹ mọ bí àgbà wa ṣe ń jẹ́ ìkíni. Alhaji ò kánjú. "Hassanat, ṣé dáadáa ni? Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Àwọn àbúrò ẹ ńkọ́? Ìwé ńkọ́? Ṣé ò ń kírun lásìkò?"

Ọ̀gbẹ́ni Anicet dìde láàbọ̀. Ó ní, "Mademoiselle, àkókò yín ń lọ o." Hassanat gbọ́ ọ. Mo rí i tó wo aago. Ṣùgbọ́n Alhaji ti di ojú, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó jẹ́ kó rí ọkọ rere, kó má jẹ́ kó rìn ní ọ̀nà tí kò yẹ. Ta ló ń dìde lórí àdúrà? Hassanat ń ṣe àmín, aago ń lọ. Àmín. Aago ń lọ. Nígbà tó fi pa dà sórí àga, àkókò rẹ̀ ti tán. Jean-Claude na ọwọ́ sí i, ojú sì ń ti òun tó borí.

Mo pariwo lé Ọ̀gbẹ́ni Anicet lórí ní Yorùbá, mo tún un pa ní Faransé. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin ti sọ pé adájọ́ lè dá aago dúró nítorí ẹni tó ń kí èèyàn. Alhaji ti lọ nígbà yẹn. Kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ìyẹn ló múnú bí mi jù.

Nílé, Anwar ní, "Ó parí nìyẹn."

Hassanat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Papa, mo gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, màá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mi ò mọ̀. Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe, òun náà ló jẹ́ kí n pàdánù. Ìdíje ọdún tó ń bọ̀, màá lọ."

"Tí mo bá ní o ò ní lọ ńkọ́?"

"Màá lọ, Papa."

Ìyá rẹ̀ pariwo, "Hassanat!" Ọmọ náà ò dìde, kò sì gbójú sílẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣe agídí. Anwar gbé kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Báyìí ni Sátidé di ti abọ́ àti fúláàsì. Hassanat kì í pẹ́ dé, kì í lọ́ra, kì í kanra. Àmọ́ ó gbé pátákó sikirábù rẹ̀ sórí káńtà, tí oníbàárà ò bá sí, á máa ta á. Anwar á gbé pátákó kúrò kó lè rí ibi to ìkòkò sí, Hassanat á tún gbé e pa dà. Wọn ò bá ara wọn sọ ọ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀kan ń gbé kúrò, ọ̀kan ń gbé pa dà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan já bọ́ sábẹ́ pẹpẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí káfíńtà gé. Anwar kúnlẹ̀, ó na ìgbálẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, ó wọ́ ọ jáde, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó jù ú sínú àpò àńkárá. Hassanat ló sọ fún mi, mo sì ní kó má retí nǹkan kan níbẹ̀.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi. Tó bá ti ń bọ̀ láti yunifásítì láàárín ọ̀sẹ̀, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Oloumi. Màá ní kó jókòó ti pátákó, màá gbé aago síwájú rẹ̀, màá dé fìlà ọkọ mi, màá jáde, màá tún wọlé pẹ̀lú ohùn Alhaji. "Hassanat, ṣé dáadáa ni?" Ní ìgbà àkọ́kọ́, fìlà ni mo kọ́kọ́ yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ti kúnlẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. A tún un ṣe, ó tún kúnlẹ̀. Mo mú àjákù aṣọ, mo dè é mọ́ àga. Ó dìde tòun tàga.

Ó ní, "Tantine, je vous jure, mo búra, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ara mi ló ń ṣe é."

Mo ní ká tún un ṣe. Oṣù ń gorí oṣù, èmi ń wọlé, èmi ń jáde, àwọn mẹkáníìkì òdìkejì rò pé mo ti ń ya wèrè. Nígbà tó yá, ó wá ọjọ́ kan tí mo wọlé, tí mo kí i, tó jókòó. Kò mira. Ó to ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tẹ aago. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, mo wá rí i pé omi wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo gbá àgbàlagbà létí."

Inú bí mi. Mo ní, "Gbọ́, Hassanat. Àgbà tó rí i pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ èèyàn, tó tún dúró de ìkúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá a létí. Òun ló gbé etí ara rẹ̀ wá." Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mo ṣì gbà á gbọ́ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Nígbà tí ìdíje ọdún yìí ku ọ̀la, Hassanat bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Papa, ọ̀la ni." Anwar ń fi ìwé ìròyìn wé gíláàsì. Ó béèrè pé ta ló máa wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Hassanat ní òun ò mọ̀. Anwar wé gíláàsì yẹn tán, ó mú òmíràn. Ó mọ̀, ọmọ náà mọ̀, èmi náà mọ̀ pé tó bá tún fìdí rẹmi lẹ́yìn tó ti kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, kò ní lè gbójú wo pátákó yẹn mọ́ nílé Anwar.

Òun àti Jean-Claude náà ló tún kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà ti múra sílẹ̀ gan-an, kò sì so táì rárá. Máàkì wọn ń lé ara wọn. Nígbà tí lẹ́tà inú àpò tán pátápátá, Jean-Claude ló wà níwájú díẹ̀, ó kan Hassanat, àkókò rẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́. Ó ń tún àwọn lẹ́tà tó kù sí i lọ́wọ́ tò, ó ń tú wọn, ó ń tún wọn tò.

Ilẹ̀kùn ṣí. Alhaji Buraimoh ni, òun àti àwọn ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ àwa Yorùbá oníṣòwò. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un pé ọmọ Anwar tún ti pa dà síbẹ̀.

Ó rìn wá títí dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn, ó dúró. Ó ń dúró de ohun tí àgbà máa ń dúró dè. Àwọn ará Gabon tó wà níbẹ̀ rò pé ó wá wòran ni. Èmi mọ̀. Mo rí orúnkún Hassanat lábẹ́ tábìlì, wọ́n ti ń wá ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ìdí àga mú, ó dì í mú gan-an.

Alhaji wúkọ́. "Hassanat."

Kò gbójú sókè.

"Hassanat, àbí o ò rí mi ni?"

Mo ti dìde. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Alhaji lọ́jọ́ yẹn, ó dáa bí Ọlọ́run ò ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Anwar ni. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé. Jàlámíà tó fi ń tajà ló wọ̀, eruku páálí ṣì wà lára rẹ̀. Ó lọ tààrà síwájú Alhaji, ó nà gbalaja sórí táìsì gbọ̀ngán yẹn, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Alhaji."

Alhaji fò sẹ́yìn. "Anwar! Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí yín fún Hassanat ni, sà. Ọwọ́ rẹ̀ dí."

"Dìde, dìde! O ti kí mi."

"Ẹ ò tíì béèrè ìyá rẹ̀, sà," ni Anwar wí láti ilẹ̀. "Ìyá rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ wà. Ìwé ń lọ dáadáa. Ó ń kírun lásìkò. Tí àdúrà bá wà, sà, ẹ ṣe é, èmi ni màá ṣe àmín."

Ọ̀gbẹ́ni Anicet bi mí ní Faransé pé ṣé àìsàn ló kọ lu ọkùnrin yẹn ni. Mo ní rárá, bàbá ọmọ ni, ó ń kí èèyàn. Alhaji na ọwọ́ láti fà á dìde, Anwar ò dìde. Àbúrò mi tí kò lè dá Alhaji lóhùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, Alhaji ò sì rí ọ̀nà gbà dé ìdí tábìlì àfi tó bá fẹ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Mo wá gbọ́ ọ. Ẹyọ lẹ́tà ń kan pátákó, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí kò fi ku ọ̀kan lọ́wọ́ Hassanat. Ó tẹ aago.

Jean-Claude bẹ̀rẹ̀ mọ́ pátákó, ó kà á, ó tún un kà. Ọ̀gbẹ́ni Anicet ṣírò máàkì, ó sọ orúkọ ẹni tó ń lọ sí Dakar, kò sì lè pe orúkọ náà dáadáa. Jean-Claude ló bá a pè é. Mo pariwo débi tí ohùn mi há.

Hassanat dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ agbádá Alhaji kọjá, ó lọ síbi tí Anwar ti ń gbọn eruku àyà rẹ̀ dà nù, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, Papa." Anwar gbé ọwọ́ lé e lórí ìbòrí, ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà.

Alhaji Buraimoh tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. Ó ní, "Èmi ńkọ́, Hassanat? Ṣé èmi ò ní ìkíni tèmi ni?"

Hassanat ò dìde níwájú bàbá rẹ̀. Orí nìkan ló yí pa dà.

"Papa ti kí yín fún mi, sà."